Igi Ló Ń Júwe Àfòpiná: Ìtàn Ìdámọ̀ Àwọn Àfòpiná Kéékèèké tí Ìdin Wọn Ń Jẹ Igi Páìnì, àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀ fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Olùkọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti dá àwọn àfòpiná kéékèèké mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, pàápàá àwọn tí ìdin wọn ń jẹ igi páìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìyẹ́ àfòpiná nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Igi tí ìdin rẹ̀ ń jẹ ni ó sábà ń ṣí ọ̀nà ìmọ̀ náà sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti orí sányán àti tsamiya nílé, a dé Vienna, England àti Kánádà, a sì padà sí orí páìnì tí a gbìn sí Nàìjíríà. A fi àwọn igi tó wà ní Gwarinpa, Àbújá, ṣe àpẹẹrẹ bí iṣẹ́ náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Àbá wa ni pé kí ìkọ́ni nípa kòkòrò bẹ̀rẹ̀ láti orí igi, kí akẹ́kọ̀ọ́ sin ìdin títí yóò fi hu ìyẹ́, kí ó sì kọ orúkọ igi náà sílẹ̀ ní èdè àdúgbò.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá sọ àfòpiná lórúkọ nípa ìwà rẹ̀: ohun tó ń fò lọ bá iná bí ẹni pé yóò pa á. Orúkọ náà bá a mu, ṣùgbọ́n ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú kòkòrò pọ̀ sábẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ńlá inú wọn kò ṣòro láti dá mọ̀. Àwọn kéékèèké ni ìṣòro. Òmíràn wà tí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò fẹ̀ ju ìbú àtàǹpàkò lọ nígbà tó bá là á sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá kàn án, ẹ̀ẹ́rù ara ìyẹ́ náà á hó dànù, àwọ̀ tí à bá fi mọ̀ ọ́n á sì bá a lọ.

Àfòpiná fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ igi. Ọmọ rẹ̀ ni. Nínú iṣẹ́ yìí, ìdin ni a ó máa pe ọmọ àfòpiná tó ń rákò tó sì ń jẹun kí ó tó hu ìyẹ́. Igi ewé-abẹ́rẹ́ ni a ó sì máa pe páìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀ bíi spruce, fir àti larch, nítorí pé ewé wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, irúgbìn wọn sì ń gbé inú èso oníìpẹ́ líle.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló kan olùkọ́ ní Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn kan wà lórí tábìlì rẹ̀. Fọ́nrán inú igi páìnì gùn, ó sì ń mú kí bébà lágbára. Ìdí kan pàtàkì nìyẹn tí orílẹ̀-èdè wa fi gbin páìnì. Ìdáhùn kejì ni pé olùkọ́ wà nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí lélẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó tẹ̀lé: kí ni àwọn tó ṣáájú fi dá kòkòrò wọ̀nyí mọ̀? Níbo ni ọ̀nà wọn ti kùnà? Kí ni àṣìmọ̀ sì ná àwọn ènìyàn?

2.0 Ohun tí Èdè Wa Ti Mọ̀: Sányán àti Tsamiya

Kí a tó lọ sí òkè òkun, ó yẹ kí a wo ilé. Sányán wà lára àwọn aṣọ òkè tó níyì jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú ẹtù àti àlàárì. Òwú ṣẹ́dà inú rẹ̀ ti ara àwọn àfòpiná tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe wá. Ìdin wọn kì í dá gbé. Agbo ni wọ́n ń wà, wọ́n á sì jọ hun ilé kan ṣoṣo sórí igi tí wọ́n ti jẹun. Ẹni tó fẹ́ òwú yìí kì í wá àfòpiná kiri inú igbó. Igi ni ó ń wá. Igi ìrà wà lára èyí tí ìdin wọ̀nyí fẹ́ràn, irú Anaphe kan sì wà tó jẹ́ pé arère ni oúnjẹ tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Haúsá, ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tsamiya ni wọ́n ń pe igi àjàgbọn. Tsamiya náà ni wọ́n ń pe òwú ṣẹ́dà tí wọ́n ń kó láti orí rẹ̀. Orúkọ igi ti di orúkọ òwú. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ ibi tí yóò gbójú sókè sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé orúkọ tí àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kan nínú àwọn àfòpiná wọ̀nyí. Ní 1887, Druce pè é ní Anaphe moloneyi, láti fi bu ọlá fún Alfred Moloney, Gómìnà Èkó ìgbà náà, ẹni tó tẹ ìwé kan jáde nípa igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún náà gan-an. Orúkọ yẹn sọ ẹni tó ń ṣàkóso fún wa, kò sì sọ ohun tí kòkòrò náà ń jẹ. A kò sọ èyí láti tàbùkù orúkọ onímọ̀, nítorí òun ni gbogbo ayé fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ohun tí a ń sọ ni pé bí a bá fẹ́ mọ ibi tí a ó ti rí kòkòrò náà, orúkọ Haúsá ni ó kọ́ni jù.

3.0 Àwọn Olùkọ́ Vienna, 1775

Ọ̀nà tí àwọn ahunṣọ wa ń gbà wá òwú, òun náà ni àwọn olùkọ́ méjì ní Vienna, olú-ìlú Austria, gbé lé orí ìwé. Michael Denis àti Ignaz Schiffermüller ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ Theresianum. Ní 1775 wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí labalábá àti àfòpiná agbègbè Vienna. Wọn kò kọ orúkọ wọn sí iwájú ìwé náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn olùkọ́ kan ní Theresianum ni ó ṣe é. Títí di òní, inú àkámọ́ ni àwọn onímọ̀ máa ń kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí bí wọ́n bá ń tọ́ka sí wọn.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ yìí, Linnaeus ará Sweden ti pín àfòpiná sí ẹgbẹẹgbẹ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1758. Ó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìparí orúkọ tirẹ̀. Àwọn tí ìdin wọn máa ń ká ewé, tó pè ní Tortrix, ni ó fún ní -ana. Ẹgbẹ́ tó pè ní Tinea ni ó fún ní -ella. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kan orúkọ tó parí sí -ana ti mọ agbo tí kòkòrò náà ti wá kó tó rí i. Ọgbọ́n ìkọ́ni gidi ni èyí.

Ohun tí àwọn olùkọ́ Vienna fi kún un ni ìdin. Wọ́n gbà pé bí a ti ń wo ìyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ wo irú ìdin tó jẹ́ àti ewé tó jẹ. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún lórúkọ ni èyí tí a mọ̀ sí Rhyacionia buoliana lónìí. Àfòpiná kékeré ni. Ìyẹ́ iwájú rẹ̀ pupa bí òdòdó ọsàn, ó ní ìlà tó ń dán bíi fàdákà, ìbú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 16 sí 24 mìlímítà lọ. Ìdin rẹ̀ máa ń wọ inú ọ̀mùnú páìnì, á jẹ ẹ́ láti inú wá, oje igi á sì dì sí ẹnu ihò náà. Igi tí ó bá bà jẹ́ kì í kú dandan, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á wọ́ bí ìwo àgbò. Ẹni tó mọ àmì yìí lè dá kòkòrò náà mọ̀ láìrí ìyẹ́ rẹ̀ rárá.

Ní 1848, iná jó ààfin ọba ní Vienna, àwọn kòkòrò tí àwọn olùkọ́ náà kó jọ sì jóná. Ìwé wọn kò bá a lọ. Lára ohun tó ran àwọn tó tẹ̀lé wọn lọ́wọ́ láti mọ kòkòrò tí wọ́n ní lọ́kàn ni ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ìdin àti oúnjẹ rẹ̀.

4.0 Olùkọ́ Marlborough, àti Ibi tí Ìyẹ́ Mọ

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àfòpiná kéékèèké láti gbogbo ayé ń ya wọ England nínú àpótí, tiwa náà sì wà nínú wọn. Ní 1897, Lord Walsingham, ọlọ́lá kan ní Norfolk, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àwọn àfòpiná kéékèèké Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó di 1910, àkójọ rẹ̀, tó lé ní 260,000, bọ́ sọ́wọ́ ilé ọnà-ìṣẹ̀dá ńlá ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tó wá ṣe púpọ̀ jù lọ kì í ṣe ọlọ́lá. Olùkọ́ ni Edward Meyrick. A bí i ní 1854. Ó kọ́ni ní Australia àti New Zealand, ó sì kọ́ni ní Marlborough College láti 1887 sí 1914. Iye àfòpiná kéékèèké tí òun nìkan fún lórúkọ lé ní 14,000. Láti 1912 títí di 1937 ni ó ń fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé lórí àwọn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ó fún èyí tí ìdin rẹ̀ ń ba ọsàn, ata, òwú àti àgbàdo jẹ́ káàkiri Áfíríkà lórúkọ ní 1913. Leucotreta ni ó pè é.

Awò kékeré tí a ń fọwọ́ mú ni Meyrick gbẹ́kẹ̀ lé, iṣan inú ìyẹ́ sì ni ó ń kà. Ní àsìkò rẹ̀ gan-an ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí àfòpiná wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, nítorí pé ẹ̀yà ìbísí akọ àti abo máa ń yàtọ̀ níbi tí ìyẹ́ ti jọra. Ní 1922, Pierce àti àlùfáà Metcalfe tẹ ìwé odidi kan jáde lórí ẹ̀yà ìbísí ẹgbẹ́ Tortrix ti Britain. Meyrick kò fara mọ́ ọ̀nà tuntun yìí títí ó fi kú ní 1938. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn onímọ̀ ní láti padà tú ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ti sọ lórúkọ wò, kí wọ́n lè mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ gan-an.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìgbésí ayé rẹ̀ fi sílẹ̀. Èkíní ni pé olùkọ́ tó ń kọ́ni láàárọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ayé ń lò ní ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni pé kòkòrò tó dé inú àpótí láìsí ìwé tó sọ igi tó ti wá ti pàdánù ìdajì ẹ̀rí rẹ̀.

5.0 Kánádà: Kòkòrò Kan tó Di Méjì

Ibi tí ìdajì ẹ̀rí yẹn ti hàn jù ni Àríwá Amẹ́ríkà. Ní 1865, Brackenridge Clemens, oníṣègùn kan ní Pennsylvania, ṣàpèjúwe àfòpiná tí a ń pè ní Choristoneura fumiferana lónìí. Ìdin rẹ̀ ń jẹ ọ̀mùnú fir àti spruce. Ní àwọn ọdún tó bá pọ̀, odidi igbó á pọ́n bí ẹni pé iná rà á, igi á sì kú lọ bẹẹrẹ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ rí irú ìdin bẹ́ẹ̀ lórí igi jack pine pẹ̀lú, wọ́n sì kà á sí kòkòrò kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sìn wọ́n ṣàkíyèsí ìyàtọ̀. Tí orí páìnì máa ń pẹ́ jí lẹ́yìn òtútù ju ti orí fir lọ. Àfòpiná rẹ̀ kéré díẹ̀, ó sì pọ́n jù. Ní 1953, Freeman ní Kánádà ya tí orí páìnì sọ́tọ̀, ó sì pè é ní Choristoneura pinus: orúkọ igi tún ti wọ inú orúkọ kòkòrò. Ní 1967 ó ya èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó yá, ìwádìí fi hàn pé òórùn tí abo fi ń pe akọ yàtọ̀ láàrin ti fir àti ti páìnì.

Ìwádìí DNA náà ti wọ iṣẹ́ yìí. Láti 2003 tí Paul Hebert ní Guelph ti dábàá pé kí a máa fi ègé DNA kúkúrú kan dá ẹ̀dá mọ̀, ọ̀nà náà ti ṣe gudugudu méje. Síbẹ̀, láàrin àwọn Choristoneura ìwọ̀-oòrùn, ègé yẹn nìkan kò tó láti yà wọ́n. A ṣì ń béèrè igi tí a ti rí wọn.

Kí ni ìmọ̀ yìí tó sí? Ní 1952, ìgbèríko New Brunswick bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfurufú fọ́n DDT sórí igbó nítorí ìdin fir. Ní 1954, oògùn náà dé odò Miramichi, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja salmon sì kú níbẹ̀. Rachel Carson sọ ìtàn yìí nínú ìwé rẹ̀ ti 1962. Ẹni tó fẹ́ fọ́n oògùn sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sarè igbó gbọ́dọ̀ mọ kòkòrò tó wà lórí igi wo, àti ọjọ́ tó ń jí. Bí ó bá fi kàlẹ́ńdà kòkòrò kan bá òmíràn jà, ẹja ni yóò san gbèsè náà.

Kí a má baà ṣi ara wa lọ́nà, igi náà lè tanni nígbà mìíràn. Lórí àwọn òkè Alps, àfòpiná kékeré kan tó ń jẹ́ Zeiraphera griseana ní oríṣi méjì: ọ̀kan ń jẹ larch, ìdin rẹ̀ dúdú, èkejì ń jẹ páìnì orí òkè, ìdin rẹ̀ mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Igi máa ń gbé ìbéèrè kalẹ̀. Sísin ìdin àti ìtúwò ni ó ń dáhùn rẹ̀.

6.0 Páìnì Dé Nàìjíríà

Igi ewé-abẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Podocarpus ni tiwa, orí àwọn òkè gíga lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù ni a ti ń rí i. Àlejò ni páìnì. Wọ́n gbin Pinus caribaea, Pinus oocarpa àti irú mìíràn sí òkè Jos, Mambilla àti Afaka lẹ́bàá Kaduna, ilé ìwádìí igbó ilẹ̀ ọ̀dàn ní Samaru, Zaria, sì ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí wọn. Ilé iṣẹ́ bébà Jebba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969. Fọ́nrán gígùn tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ni a ń wá.

Irúgbìn ni igi wọ̀nyí bá dé. Ìdin ilé wọn kì í gbé inú irúgbìn gbígbẹ wá. Ọ̀nà méjì ni wàhálà lè gbà bá irú igi àlejò bẹ́ẹ̀. Èkíní, kí kòkòrò ilé rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Rhyacionia buoliana tí àwọn olùkọ́ Vienna sọ lórúkọ ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n rí i ní New York ní 1914, wọ́n sì rí i ní Chile ní 1985. Nítorí pé àwọn ará Chile mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n mọ ibi tí ọ̀tá rẹ̀ ń gbé. Wọ́n gbé agbọ́n kékeré kan, Orgilus obscurator, wá láti Yúróòpù láti bá a jà. Èkejì, kí kòkòrò onílé kọ́ láti jẹ àlejò. Ní Gúúsù Áfíríkà, àfòpiná ńlá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà kúrò lórí igi ìbílẹ̀, ó sì mú páìnì ní oúnjẹ.

Bí a bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè ni èyí, Ìbàdàn ní ẹ̀rí tirẹ̀. Nígbà tí kòkòrò funfun kan ń pa ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà láti 1973, àwọn onímọ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí àríwá ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Èyí tí wọ́n rí níbẹ̀ jọ ọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ìgbà tí wọ́n dá a mọ̀ yàtọ̀, tí wọ́n sì rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay ní 1981, ni agbọ́n tó ń pa á tó dé ọ̀dọ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí ẹ̀gẹ́ wa sì rí ìsinmi. Àṣìmọ̀ kan ṣoṣo ti fi ebi kún ọdún mélòó kan.

Àwọn ará wa náà kò jókòó lásán. Roberts kó àwọn kòkòrò igbó Nàìjíríà jọ sínú ìwé kan ní 1969. Medler, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo kòkòrò Nàìjíríà tí a mọ̀ jáde ní 1980. Orí iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó yẹ kí a máa kọ́lé lé.

7.0 Gwarinpa: Kí A Kọ́kọ́ Mọ Igi

Gwarinpa ni àdúgbò ńlá tí Federal Housing Authority kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí ní Àbújá. Bí olùkọ́ bá kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde síbẹ̀ pé kí wọ́n wá àfòpiná orí páìnì, iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ ni láti mọ ohun tó jẹ́ páìnì. Ọ̀pọ̀ igi tí a ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun.

Igi gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ wó sílẹ̀ bí aṣọ eégún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pè é ní igi masquerade, ará Íńdíà àti Sri Lanka ni. Ewé rẹ̀ fẹ̀, etí ewé náà ń ru bí omi. Ẹbí igi ṣáwásọ́ọ̀pù ni. Èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń fọn fèrè lára rẹ̀, Casuarina, jọ páìnì jù lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a rò pé ó jẹ́ ewé abẹ́rẹ́ jẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ olóríkèé. Bí a bá fà á, á já ní oríkèé bí ìrèké kékeré. Ewé rẹ̀ gan-an ni eyín pínníṣín tó yí oríkèé ká. Thuja tí a ń gbìn sí iwájú ilé ni ìbátan páìnì tòótọ́; ìpẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka ni ewé tirẹ̀. Ní ti páìnì fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń jáde ní ìdìpọ̀: ti Pinus caribaea sábà jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Ìdánwò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pe Casuarina ní páìnì yóò wá orúkọ ìdin tó rí lórí rẹ̀ nínú ìwé tí kò kàn án, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò sì fún un. Àṣìṣe náà ti wà kí ó tó kan kòkòrò rárá.

8.0 Ìgúnlẹ̀ àti Àbá

A ti rí i pé láti orí ahunṣọ tó ń wá igi ìrà dé orí Freeman ní Kánádà, ọ̀nà kan náà ni: mọ igi, sin ìdin, ṣe àkọsílẹ̀, lẹ́yìn náà kí o tó wo ìyẹ́. A rí i pẹ̀lú pé olùkọ́ ni Denis, Schiffermüller àti Meyrick. Nítorí náà, a dá àwọn àbá wọ̀nyí:

(i) Kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi ìdámọ̀ igi ṣáájú ìdámọ̀ kòkòrò nínú iṣẹ́ àṣefihàn báyọ́lọ́jì.

(ii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sin ìdin kan, ó kéré tán, nínú ìgò tí a fi aṣọ pẹlẹbẹ bò lẹ́nu, pẹ̀lú ewé tútù igi tó ti rí i, títí yóò fi hu ìyẹ́. Kí ó má fi ọwọ́ lásán mú èyí tó ní irun, nítorí irun ìdin mìíràn, bíi ti Anaphe, máa ń yúnni lára.

(iii) Kí ìwé pélébé tó bá kòkòrò kọ̀ọ̀kan rìn ní ọjọ́, ibi, àti orúkọ igi ní Gbagyi, Haúsá, Yorùbá, Ìgbò tàbí èdè mìíràn tí àwọn ará àdúgbò ń sọ. Àgbà Gbagyi kan ní ìtòsí Gwarinpa lè ní orúkọ kan tó sọ ohun tí ìwé wa kò tíì sọ.

(iv) Kí a máa fi ẹ̀dá irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìtọ́jú kòkòrò ní yunifásítì wa, kí ó lè wúlò fún àwọn tó ń ṣọ́ igi àti oko wa.

Owó ńlá kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ìgò kan, ewé tútù, pẹ́ńsù àti sùúrù ti tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.